Àǹkárá Ìpolongo àti "He" tó Ṣèèṣì Yọ Lẹ́nu: Ìbéèrè Àwọn Olùkọ́ Wa Lókè Òkun

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nílẹ̀ òkèèrè ni gbogbo wọn sì ti wá. Èyí àkọ́kọ́ gùn, a sì gé e kúrú díẹ̀. A yọ orúkọ ìlú àti ti ilé-ẹ̀kọ́ kúrò nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe bẹ̀ wá.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Amẹ́ríkà. Florida ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí n tó kó wá sí ìpínlẹ̀ kan ní ìhà àríwá lọ́dún 2024. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń dà mí láàmú. Lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ń ṣe ayẹyẹ àṣà oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, mo wọ ìró àti bùbá àǹkárá tí àbúrò bàbá mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo. Aṣọ ìpolongo ìbò ọdún 2023 ni, orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú àti ojú olùdíje sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà. Àwọn ọmọ ní ó rẹwà. Kí a tó jáde lọ́jọ́ náà, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ pé mo rú òfin tó ní òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé àmì ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ti olùdíje wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lásìkò iṣẹ́. Ṣé òṣèlú ilé wa náà wà lára òṣèlú tí wọ́n ń sọ ni?

Èkejì ló le jù. Ní Florida, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ kankan pé kó fi ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tó yàtọ̀ sí ti akọ tàbí abo tí wọ́n bí òun pe òun. Níbi tí mo wà báyìí, ìwé tí mo fọwọ́ sí sọ pé ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tí ọmọ bá yàn ni kí á máa fi pè é. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí wọ́n bí ní obìnrin, tó ní "he" ni kí á máa lò fún òun. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé "he" àti "she" kì í tò lẹ́nu àwa tí a fi Yorùbá dàgbà. Mo ti pe ọ̀gá wa pàápàá, tó jẹ́ obìnrin, ní "he" nínú ìpàdé rí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ṣi ti ọmọ yìí pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrin wákàtí kan, òbí rẹ̀ sì fẹjọ́ mi sùn pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nítorí ẹ̀sìn mi. Onígbàgbọ́ ni mí lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá mi lára mu, àmọ́ n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kí ni kí n kọ fún wọn?
Olùkọ́ ìṣirò, Amẹ́ríkà

Èsì: Ẹ kú ìfaradà, olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé ti àǹkárá kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lára rẹ̀. Òfin tí ẹ dà kọ sínú lẹ́tà yín kò sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà nìkan, ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ sì fi wà kò yí padà nítorí pé Nàìjíríà ni olùdíje náà wà. Ọmọ tó jókòó níwájú yín kò lè dìde kó jáde bí ohun tó wà láyà yín kò bá wù ú, ó sì ṣeé ṣe kó rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ló fọwọ́ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ti ìlú New York ní irú òfin yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, nígbà tí ìbò Obama àti McCain ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n ní ẹ̀tọ́ àwọn ni láti lẹ báàjì olùdíje mọ́ àyà. Adájọ́ Lewis Kaplan sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ lágbára láti fòfin de báàjì níwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó gbà kí ẹgbẹ́ náà fi ìwé ìpolongo sínú àpótí lẹ́tà àwọn olùkọ́, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tiwọn níbi tí ojú ọmọ kò dé. Ojú ọmọ ni ààlà náà. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ fún wọn ní ṣókí pé aṣọ àṣà ni ẹ rò pé ẹ wọ̀, pé ẹ kò polongo fún ẹnikẹ́ni, àti pé kò ní wáyé mọ́. (Ẹ̀yin náà, nínú gbogbo àdìrẹ tó kún Òṣogbo, aṣọ ìbò ni ẹ rí wọ̀!)

Kí ìwé ti àǹkárá yìí má ṣe mú yín rò pé olùkọ́ kò ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ òṣèlú mọ́ rárá. Ó ní in, kí ó kàn mọ ẹnu tí òun ń fi sọ ọ́ ni. Lọ́dún 1964, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Marvin Pickering ní ìpínlẹ̀ Illinois kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àdúgbò, ó bẹnu àtẹ́ lu bí ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń náwó, pàápàá èyí tí wọ́n ń ná lórí eré ìdárayá. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá a láre lọ́dún 1968, wọ́n ní ọmọ ìlú ló sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kan ìlú, kì í sì í ṣe torí ìyẹn ni a fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Lọ́dún kejì, nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wé aṣọ dúdú mọ́ apá láti tako ogun Vietnam, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́.

Gbólóhùn géètì yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ẹjọ́ ọdún 2006, níbi tí ilé-ẹjọ́ náà ti fi ìbò márùn-ún sí mẹ́rin sọ pé ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá sọ gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ tó ń ṣe kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdájọ́ yìí kan olùkọ́ kan ní Indiana, lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ó kù díẹ̀ kí ogun Iraq bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ohun tó ń lọ láyé, ọ̀kan nínú wọn sì bi í bóyá òun náà máa ń bá wọn jáde ṣe ìwọ́de. Ó dáhùn pé nígbà tí òun ń wa ọkọ̀ kọjá níbi tí àwọn kan ti gbé pátákó tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ àlàáfíà fọn fèrè ọkọ̀, òun fọn ún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì sọ ní 2007 pé ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ nínú kíláàsì ni ọjà tó ń tà fún ilé-ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n ń san owó oṣù lé lórí, ẹni tó sanwó ọjà ló sì ń sọ irú èyí tí òun fẹ́. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà le fún fèrè ọkọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe rí.

Ibẹ̀ gan-an ni a ti máa bọ́ sórí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. Òfin Florida tí ẹ mẹ́nu bà bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Olùkọ́ kan ní Hillsborough County, tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó sì ń gbé gẹ́gẹ́ bí obìnrin, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí pé kò lè sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ́ pé kí wọ́n pe òun ní "she". Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá òfin náà dúró lórí tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ìbò méjì sí ọ̀kan, wọ́n ní nígbà tó bá ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, ẹnu ìjọba ló ń lò. Ẹ wá wò ó: agbára tí Florida fi ní kí olùkọ́ má ṣe sọ ọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ yín lápá àríwá náà gbé lọ́wọ́ láti ní kí ẹ sọ ọ́. Àwọn tó yọ̀ sí ọ̀kan tí wọ́n ń ṣépè fún èkejì, igi kan náà ni wọ́n dì mú, orí ni àwọn kan mú, ìdí ni àwọn yòókù mú.

Ọ̀nà kan tí àwọn olùkọ́ kan ti rí gbà kọjá ni ti ẹ̀sìn, ìtàn tó sì sún mọ́ tiyín jù ni ti Peter Vlaming, tó ń kọ́ èdè Faransé ní ìlú West Point, ní Virginia. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí wọ́n bí ní obìnrin ń fẹ́ "he". Olùkọ́ náà gbà láti máa pè é ní orúkọ tuntun tó yàn, ó sì yẹra fún ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ pátápátá. Ní ọjọ́ kan lọ́dún 2018, wọ́n ń ṣeré ẹ̀kọ́ kan pẹ̀lú awò kọ̀ǹpútà tó máa ń bo ojú ẹni pátápátá, ọmọ náà ń lọ kọlu ògiri, olùkọ́ sì pariwo pé kí ẹnì kejì rẹ̀ má jẹ́ kó gbá a. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú ariwo yẹn ni "her". Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lé e lọ ní oṣù kejìlá, nítorí pé ó kọ̀ láti lo "he". Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti Virginia dá ẹjọ́ rẹ̀ padà fún un láti máa bá a lọ ní oṣù kejìlá ọdún 2023, lórí ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn tó wà nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2024 pẹ̀lú dọ́là 575,000. Owó ńlá ni, àmọ́ ọdún mẹ́fà ni ó fi dúró dè é, ìwé òfin Virginia kò sì dé ọ̀dọ̀ yín.

Olùkọ́ orin kan ní Indiana gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn, orúkọ bàbá ni ó ń fi pe gbogbo ọmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gbà fún un, wọ́n tún gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìráhùn pọ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2018, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tún ń wo ẹjọ́ náà ní 2025. Nítorí náà, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ń sọ fún yín pé "ṣáà máa dárúkọ ọmọ náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀". Bó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ ń dárúkọ rẹ̀ tí ẹ sì ń lo "he" àti "she" fún àwọn yòókù, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Ó wá ku ti ahọ́n wa. Ìyá mi wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n sì tó padà sílé, wọ́n ti sọ gbogbo obìnrin àdúgbò wa di ọkùnrin. "He is a good woman," ni wọ́n máa ń sọ nípa ará ilé kejì, tìfẹ́tìfẹ́. Kò yani lẹ́nu. Nínú Yorùbá, bí a bá ní "ó ti dé", kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo, bẹ́ẹ̀ ni "òun" àti "rẹ̀" náà kò sọ ọ́. Àlàyé tó yẹ kí òbí ọmọ náà gbọ́ nìyí, kò sì yẹ kí ojú tì yín láti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo rí i tí àwọn ènìyàn wa ń fi àlàyé yìí kan náà sọ pé ariwo òfo ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ jẹ́, mi ò sì gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Ẹ pe àgbàlagbà kan nílé wa ní "ìwọ", tàbí kí ẹ sọ nípa ìyá ọkọ yín létí ìyá ọkọ yín pé "ó ti jẹun", kí ẹ wá wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àwa tí à ń pe ìyá kan ṣoṣo ní "wọ́n" láti fi bọ̀wọ̀ fún un mọ̀ ju ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ pé lẹ́tà méjì péré lè buni kù, kò sì yẹ kí "they" tí wọ́n ń lò fún ẹnì kan ṣoṣo ṣe wá ní kàyéfì. Ohun tí èdè wa fi ń wọn ènìyàn ni ọjọ́ orí àti ipò, ti tiwọn ni akọ àti abo.

Ní ti ìwé tí ẹ óò kọ, ẹ fi ahọ́n àti ẹ̀rí-ọkàn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ẹ ti lú wọn pọ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa, wọn yóò sì lò ó mọ́ yín lára bí ẹ bá lú wọn pọ̀ nínú èsì. Ẹ kọ ọ́ pé Yorùbá ni èdè àbínibí yín, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń lò fún "he" àti "she", pé ẹ ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn mìíràn. Ẹ dárúkọ ìpàdé tí ẹ ti pe ọ̀gá yín ní "he", pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó wà níbẹ̀, nítorí pé òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ bí ẹ ṣe tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá tún un ṣe, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń ṣe kó má baà tún wáyé, bóyá ẹ ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ náà nínú ìwé jíjókòó kíláàsì yín. Kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ má mẹ́nu kan ẹ̀sìn níbẹ̀ rárá.

Bí ó bá jẹ́ pé ní tòótọ́, ọkàn yín kò gbà á, ìwé mìíràn ni ìyẹn. Òfin ọdún 1964 lórí iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ wá àyè fún ẹ̀sìn òṣìṣẹ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti mú un le fún àwọn agbanisíṣẹ́ láti ọdún 2023 pé ìnira tó nípọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn kí wọ́n tó lè kọ̀. Ẹ béèrè fún àyè náà lọ́tọ̀, kí ẹ tó lo ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ kankan tàbí kọ̀ láti lò ó. Mi ò lè ṣèlérí pé wọn yóò gbà. Ẹ má dá nìkan wọ ìpàdé kankan lórí ẹjọ́ yìí, ẹ mú aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ dání, kí ẹ sì kàn sí lọ́yà tó mọ òfin ìpínlẹ̀ yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní London. Mo kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá nípa EndSARS, mo sì fi àwòrán àsíá tó ní ẹ̀jẹ̀ lára hàn wọ́n. Ọmọ kan bi mí pé ta ni mo dìbò fún nínú ìbò ọdún 2024 níbí, mo sì sọ fún un. Òbí kan ti ní mo ń gbin òṣèlú sọ́kàn ọmọ òun. Ṣé mo jẹ̀bi?
Olùkọ́ ìtàn, London

Èsì: Òfin ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ England, ti ọdún 1996, ní apá 406 àti 407, kò ní kí olùkọ́ má ṣe fẹnu kan òṣèlú. Ohun tó ní ni pé kí a má ṣe gbé èrò ẹgbẹ́ tàbí apá kan lárugẹ nínú ẹ̀kọ́, àti pé níbi tí èrò bá ti yapa, kí a gbé e kalẹ̀ lọ́nà tó bá ojú méjèèjì mu. Ìtọ́nisọ́nà tí ìjọba gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2022 sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ẹ wá a kà. Ẹ lè kọ́ wọn ní EndSARS láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àsíá ẹlẹ́jẹ̀ nìkan kò tó. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Doris Okuwobi fi àbọ̀ rẹ̀ jíṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní géètì Lẹ́kí ní 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Èkó kan náà gbé ìwé tirẹ̀ jáde, ó sì kọ ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ nípa àwọn tó kú. Ẹ gbé ìwé méjèèjì síwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n fi wọ́n wéra wọn. Ìtàn gidi nìyẹn, ó sì dára ju àwòrán lọ fún kíláàsì.

Ní ti ìbò yín, sísọ ẹni tí ẹ dìbò fún nígbà tí ọmọ bi yín kò tíì di ìpolongo, ṣùgbọ́n ìtọ́nisọ́nà náà gba olùkọ́ nímọ̀ràn pé kó máa yẹra fún sísọ èrò tirẹ̀. Ẹ sọ fún òbí náà pé ọmọ ló béèrè, pé ẹ kò rọ ẹnikẹ́ni láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Nígbà mìíràn, ẹ lè dá ọmọ lóhùn pé inú àpótí ìbò ni ìdáhùn yẹn wà. Ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti ìjọ kan ní New York. Mo kọ ọ́ sójú Facebook mi pé kí àwọn ènìyàn wa jáde dìbò fún ẹnì kan tó ń díje fún ìgbìmọ̀ ìlú, tí mo sì ń bá ṣe ìpolongo. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́ tàbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ìwé òfin Amẹ́ríkà kò dáàbò bò mí ni? Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ ni mo fi kọ ọ́, nígbà tí a jáde oúnjẹ ọ̀sán.
Bàbá Ìbejì, New York

Èsì: Bàbá Ìbejì, ìjọba ni ìwé òfin Amẹ́ríkà dè lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Kò de ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, gbogbo ẹjọ́ tí a sì kà sílẹ̀ fún olùkọ́ ìṣirò lókè yìí kò kàn yín. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde. Síbẹ̀, oríire díẹ̀ ni pé New York ni ẹ wà, nítorí pé òfin iṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà, ní apá 201-d, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè, títí kan ti aládàáni, láti lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó díje fún ipò, tàbí pé ó polongo fún olùdíje, tàbí pé ó kó owó jọ fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìpolongo fún olùdíje ni tiyín, ó wà níbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n òfin náà fi kún un pé lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ ni, ní ìta ọgbà agbanisíṣẹ́, láìlo ohun èlò rẹ̀. Òfin náà sì ka àkókò oúnjẹ ọ̀sán mọ́ àkókò iṣẹ́. Àkókò náà àti kọ̀ǹpútà wọn ni kò ní jẹ́ kí ẹ jàre. Ẹ pa èyí tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà rẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ délé, tí ẹ sì fi fóònù tiyín tún un kọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn.